Ta ló ba kíbọ́ọ̀dù mi jẹ́?

Ténọ̀ Tákìé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Láti àná ni mo ti ń ka ìrírí yín nípa bí ẹ ṣe fi etí gbọ́ ohun tí ìwé tíọ́rì orin ò jẹ́ kó yé yín, mo wá ní kí n sọ tèmi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú wà nínú ẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Ténọ̀ ni mo ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Ẹni tó bá mọ ìlú yìí mọ̀ pé orin ìwé kì í ṣe àjèjì níbẹ̀; láti 1855 làwọn Onítẹ̀bọmi ti gúnlẹ̀ síbí, a sì rí ọmọdé tó ń ka sol-fa, d r m tá a fi ń kọ orin sílẹ̀, geere kó tó mọ ìsọdipúpọ̀. Èmi gan-an, ẹ gbé sol-fa wá, kò sí wàhálà. Ìgbà tí mo ní mo fẹ́ ṣe ìdánwò tíọ́rì Grade 5 ni ojú mi là. Mo há ìwé náà sórí, pàápàá cadence, ìyẹn bí kọ́ọ̀dù méjì (ohùn mélòó kan tá a tẹ̀ pọ̀ ni kọ́ọ̀dù) ṣe ń parí gbólóhùn orin: perfect, kọ́ọ̀dù karùn-ún sí ìkíní, plagal, ìkẹrin sí ìkíní, interrupted, ìkarùn-ún sí ìkẹfà. Ẹ jí mi lójú oorun, màá kà á fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ ọ̀kan níbẹ̀ lórí dùrù kí ẹ ní kí n dárúkọ ẹ̀, ńṣe ni màá máa wò yín lẹ́nu.

Ọ̀gá akọrin wa ló ní kí n pa ìwé dé. Ó fi Hallelujah ti Handel ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ó ní ìparí ẹ̀ nìkan ni kí n máa gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Inú bí mi díẹ̀. Hallelujah tí mo ti ń kọ láti kékeré, tí mo mọ̀ bí ẹni mowó!

Irọ́ ni, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń kọ orin, ìlà tiẹ̀ nìkan ló máa ń gbọ́. Lálẹ́ Ọjọ́rú kan báyìí, wọ́n ti mú iná lọ, mo ki íápíìsì bọ etí méjèèjì, mo dùbúlẹ̀. Wọ́n pariwo Hallelujah lẹ́ẹ̀mẹ́rin léra-léra, fèrè ń han, ìlù ńlá ń kù. Lójijì, gbogbo ẹ̀ dákẹ́ wẹ́lo. Wọ́n wá fa èyí tó kẹ́yìn jáde, gbogbo ohùn lẹ́ẹ̀kan náà, láìkánjú: Hal-le-lu… jah. Mo dá a padà. Mo tún dá a padà. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni mo bú sẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. Àmín ni! Àmín tá a máa ń fi dé orin ìwé lórí lọ́jọ́ Ìsinmi ni Handel fi parí orin yìí. Plagal nìyẹn. Kọ́ọ̀dù kẹrin bọ́ sí ìkíní. Ó ti ń kọjá létí mi láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọ̀n mí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ló jẹ́ kí n máa wá a kiri. Ní báyìí, kẹ́ ẹ tó gbọ́wọ́ kúrò lórí dùrù, màá ti mọ̀ bóyá "Àmín" ni tàbí kì í ṣe "Àmín".

Ojúkòkòrò ló wá kó bá mi. Mo ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn lórí kíbọ́ọ̀dù. D major ló wà nínú ìwé, ìyẹn ni pé D ni dó orin náà. Mo tẹ D, àfi bí ìgbà téèyàn ń fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mo wá a lọ wá a bọ̀, C sharp ló bá a mu. Ẹ jọ̀ọ́, kò tí ì tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹni tó ń tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe tú kíbọ́ọ̀dù ọ̀hún palẹ̀, nítorí bọ́tìnì méjì tí ò dún mọ́. Mo ní ó tán, ó ti ba inú ẹ̀ jẹ́. Mo gbé e lé ọ̀kadà, ó di Tákìé. Ohun tí mo sọ sí ọkùnrin yẹn lójú gbogbo èèyàn, mi ò lè kọ ọ́ síbí.

Kò bá mi jà. Ó tan kíbọ́ọ̀dù, ó gbé fóònù ẹ̀ tì í, ó ní kí n tẹ A. Ohun tó jáde lójú fóònù ni 440, iye ìgbà tí ohùn yẹn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ní, "Bọ̀dá, kò sí nǹkan tó ṣe kíbọ́ọ̀dù yín. Àwọn tó kọrin ni kẹ́ ẹ lọ bi."

Ọ̀gá akọrin fẹ́ẹ̀ kú sẹ́rìn-ín. Ó ní irú àwọn ohun èlò ayé Handel ni àwọn tó gba orin yẹn sílẹ̀ lò, pé A tiwọn, 415 ni wọ́n sábà máa ń fà á sí, ìlàjì ohùn kan sì nìyẹn sí ìsàlẹ̀ tiwa. Nígbà tí Handel kọ Messiah, iṣẹ́ ńlá tí Hallelujah wà nínú ẹ̀, lọ́dún 1741, ohùn ìlú kan ò bá ti ìlú kejì mu. Ìpàdé kan tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1939 ni wọ́n ti fẹnu kò sórí 440. D náà ni wọ́n kọ, D tiwọn ni kò ga tó tèmi. Ó tẹ transpose, bọ́tìnì tó ń gbé ohùn sókè tàbí sísàlẹ̀, lórí kíbọ́ọ̀dù mi, ó fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó bá a mu wẹ́kú.

Mo ra mínírà méjì lọ fi bẹ ọkùnrin Tákìé. Ó mu méjèèjì níṣojú mi.

Ọmọ Àyàn, Ọ̀yọ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bọ̀dá Ténọ̀. Tèmi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohùn, ọ̀rọ̀ ìlù ni, ó sì dùn mí nítorí pé ilé onílù ni wọ́n bí mi sí, lẹ́bàá Akẹ̀sán. Mi ò mọ ìyàtọ̀ 3/4 sí 6/8, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí ìlù orin ṣe ń lọ. Ọmọ mẹ́fà, ìyẹn ìlù kéékèèké mẹ́fà, ló wà nínú méjèèjì, mo bá ń dà wọ́n pọ̀. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa nígbà yẹn bi mí níwájú kíláàsì pé irú ọmọ Àyàn wo nìyí. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tí ì kúrò lọ́kàn mi.

Lọ́jọ́ kan mo ń gbọ́ Messiah yìí náà, orin tí wọ́n mú nínú Aísáyà 40, níbi tó ti ní yóò bọ́ agbo rẹ̀ bí olùṣọ́-àgùntàn. 12/8 ni. Bàámi jókòó, wọ́n ń fa ọsán ìyá ìlù kan. Mi ò pè wọ́n sí i. Mo kàn rí i pé ẹsẹ̀ wọn ti ń lọ. Mo ní, "Bàámi, mélòó lẹ ń kà?" Wọn ò gbójú sókè. "Mẹ́rin ni ẹsẹ̀. Ìkọ̀ọ̀kan ló bí ọmọ mẹ́ta." Wọ́n ní ṣùgbọ́n wọ́n lọ́ra jù, ta ni yóò jó sírú ẹ̀?

Ó parí nìyẹn. Mi ò ka ọmọ mọ́, ẹsẹ̀ ni mò ń kà. 3/4, ẹsẹ̀ mẹ́ta, ọmọ méjì-méjì. 6/8, ẹsẹ̀ méjì, ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta.

Mo wá fi Symphony karùn-ún ti Beethoven dán wọn wò, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú m m m d, r r r t. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń gbé ẹsẹ̀ lé m àkọ́kọ́. Bàámi tẹ́tí títí dé ibi tí àwọn gòjé ti ń gba á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ní kí n dá a padà síbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi kọ̀ǹgọ́ gbá itan wọn lẹ́ẹ̀kan kí ohunkóhun tó dún. "Ẹsẹ̀ ti balẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀." Mo lọ wo ìwé orin. Ìdákẹ́ ló wà níbẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ìdajì ẹsẹ̀.

Báàsì Ni Mí

Èmi ò ní ìtàn tó gùn. Canon ti Pachelbel ni wọ́n fún mi, pé kí n gbọ́ báàsì: d s l m f d f s, ohùn mẹ́jọ kan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo kó kóró kajú sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìgbà tó bá yípo. Ọjọ́ kìíní, 26. Ọjọ́ kejì, 31. 28 ni. Àwọn gòjé òkè yẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Báàsì ò yí padà, ta ló sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ báàsì?

Ténọ̀ Tákìé

Ọmọ Àyàn, ṣé Bàbá ṣì ń gbọ́ Beethoven yẹn?

Ọmọ Àyàn, Ọ̀yọ́

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. "Gbé ẹlẹ́sẹ̀-kí-ẹnu yẹn wá," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Wọn ò jẹ́ kí n wà á sílẹ̀ sórí fóònù tiwọn, wọ́n ní tèmi ló ń dún dáadáa. Dátà mi ló ń jó.