Fíìmù ogun tí kò sí ojú ogun nínú rẹ̀: ibo ló wọ̀ yín lọ́kàn jù?

Ọmọ Olúyọ̀lé: La Grande Illusion tí Jean Renoir ṣe ní 1937 ni mò ń sọ, ìtàn àwọn ológun Faransé tí Jámánì kó lẹ́wọ̀n nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó, ẹ wí tẹnu yín.

Alágbàá: Bàálù wọn tó já. Wọn ò fi hàn rárá! Maréchal àti Boeldieu, àwọn ọ̀gá ológun Faransé méjì, ń múra àtigbéra. Ìgbà tá a máa tún rí wọn, Rauffenstein, ọ̀gá ológun Jámánì tó yìnbọn lu bàálù wọn, ti ń ṣe wọ́n lálejò nídìí oúnjẹ.

Màmá Ìbejì: Ìran Douaumont, odi ológun kan ní Faransé, ni tèmi. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń ṣeré orí ìtàgé lọ́wọ́, ìròyìn dé pé Faransé ti gba odi náà padà. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì tó múra bí obìnrin bọ́ irun orí rẹ̀, ó ní kí wọ́n lu Marseillaise, orin orílẹ̀-èdè Faransé. Ẹ wo kámẹ́rà níbẹ̀: kò gé, ó ń rìn láti orí ìtàgé bọ́ sáàárín àwọn tó ń wòran.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn: Àmọ́ fíìmù ní Jámánì tún gbà á lẹ́yìn náà. Irọ́ ni! Látìgbà tí Faransé ti gbà á ní 24 October 1916, kò bọ́ lọ́wọ́ wọn mọ́ títí ogun fi parí.

Màmá Ìbejì: Ẹ rọra o. Ní May 1916, Faransé gun orí odi yẹn, Jámánì sì lé wọn kúrò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó lè jẹ́ ìyẹn ló wà lọ́kàn Renoir. Òun náà wa bàálù nínú ogun yẹn, aṣọ ológun rẹ̀ gan-an ni Jean Gabin, tó ṣe Maréchal, wọ̀.

Alágbàá: Ooto.

Ọmọ Dakar: Kí ló dé tí ẹnì kan ò dárúkọ ọ̀gá ológun aláwọ̀ dúdú yẹn? Habib Benglia ló ṣe é. Ó ya àwòrán tán, ó fi han àwọn ẹlẹ́wọ̀n yòókù, wọn ò kà á kún.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn: Renoir ni ò kà á kún. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ju díẹ̀ lọ.

Ọmọ Dakar: Mi ò gbà. Ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ ká rí i pé wọn ò dá a lóhùn ni. Ẹ tún ibẹ̀ wò.

Ọmọ Olúyọ̀lé: Ẹ̀dà wo ni kéèyàn wá?

Alágbàá: Èyí tí wọ́n tún ṣe láti ara nẹ́gẹ́tífù àkọ́kọ́, ìyẹn fíìmù gan-an tí wọ́n fi yà á. Jámánì kó o lọ sí Berlin, Rọ́ṣíà kó o lọ sí Moscow, Toulouse ló padà já sí. Ẹ má wo èyí tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì bo ohùn wọn o. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n Faransé kúrò ní àgọ́, ihò tí wọ́n ń gbẹ́ láti fi sá lọ ti parí. Maréchal ń fi Faransé ṣàlàyé ihò náà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń wọlé, wọn ò gbọ́ ọ. Bí gbogbo wọn bá ń sọ èdè kan ṣoṣo, ibẹ̀ ò ní ní ìtumọ̀ mọ́. Èyí tó ń kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá.

Màmá Ìbejì: Ó dáa bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Douaumont ṣì ni tèmi.