Ìwọ̀n òtítọ́ kọ́: ẹ jẹ́ ká wá orúkọ mìíràn fún ìwọ̀n abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìròyìn eré ìdárayá ló béèrè pé kí ni ká máa pe ìwọ̀n tí abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ní gan-an, pàápàá nígbà tó bá fi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, tó lọ ń kojú àwọn tó wúwo jù ú lọ. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn dábàá "ìwọ̀n òtítọ́". Àbúrò kan ní "ìwọ̀n àdánidá" ló dùn létí jù. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ro ọ̀rọ̀ náà, mi ò sì lè fọwọ́ sí ọ̀kankan nínú méjèèjì. "Ìwọ̀n òtítọ́" ló ká mi lára jù, torí pé orúkọ yẹn ti dá ẹjọ́ kí ẹnikẹ́ni tó rojọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nídìí gàrí. Ìyá mi tà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí oníbàárà bá fura, á gba kóńgò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, á dojú rẹ̀ délẹ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Bí wọ́n bá ti lù ú wọnú, irọ́ ti wọ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra kóńgò tó pé, tó gbé e délé, tó bu omi sí i, tí gàrí sì wú dé ẹnu abọ́, kò jẹ́ padà wá sọ́jà wá sọ pé kóńgò àárọ̀ purọ́. Bó ṣe rà á ló rà á. Omi ló mu tó fi wú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò náà nìyẹn. Láyé àtijọ́, ọjọ́ ìjà gan-an ni wọ́n ń gun òṣùwọ̀n, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò wúwo ju òdiwọ̀n tí wọ́n dá fún ìjà lọ. Lóde òní, ọjọ́ tó ṣáájú ìjà ni. Ọkùnrin náà á ti fi omi du ara rẹ̀, á ti wọ aṣọ tó nípọn sáré kí òógùn lè jáde, ètè rẹ̀ á ti gbẹ. Nígbà mìíràn, ẹ óò rí i tí wọ́n fi aṣọ ìnura ṣe gáàgá fún un kó lè bọ́ ṣòkòtò tó kù sí i nídìí, torí ìwúwo ṣòkòtò yẹn nìkan lè mú un kọjá òdiwọ̀n. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìgò omi lé e lọ́wọ́. Nígbà tí yóò fi wọ ojú agbo lálẹ́ ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ ti wú bíi gàrí.

Ìjà tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ni ti Arturo Gatti àti Joey Gamache, ní Madison Square Garden ní New York, oṣù kejì ọdún 2000. Gamache ti gba bẹ́líìtì àgbáyé rí láàárín àwọn tí òdiwọ̀n wọn jẹ́ pọ́n-ùn 130, ó tún gbà á láàárín àwọn ti 135. Pọ́n-ùn 141 ni wọ́n dá fún ìjà yìí. Wọ́n ka 141 fún Gatti, ṣùgbọ́n àwọn ará ibùdó Gamache fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ti fò sílẹ̀ kí ọ̀pá òṣùwọ̀n tó dúró. Lọ́jọ́ kejì, tẹlifíṣọ̀n tó ń ṣàfihàn ìjà náà wọ̀n wọ́n: Gatti 160, Gamache 145. Ìpele kejì ni wọ́n ti gbá Gamache dákú. Ó ṣèṣe nínú ọpọlọ, kò sì jà mọ́ láyé rẹ̀. Ó pe ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní ìpínlẹ̀ náà lẹ́jọ́. Ní ọdún 2010, adájọ́ sọ pé ìgbìmọ̀ náà ṣe àìbìkítà lọ́jọ́ tí wọ́n gun òṣùwọ̀n, àmọ́ kò ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú kankan fún Gamache.

Ẹ wò ó báyìí: èwo ni "ìwọ̀n òtítọ́" Gatti níbẹ̀? Bí ọ̀pá òṣùwọ̀n kò bá tíì dúró lóòótọ́, a jẹ́ pé kóńgò ni wọ́n lù wọnú. Bó bá ti dúró, a jẹ́ pé gàrí ló wú. Ẹ̀sùn méjì tó yàtọ̀ síra pátápátá ni, "ìwọ̀n òtítọ́" sì pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Ẹni tó bá ka ìròyìn wa á rò pé a ti mọ̀ pé ọkùnrin náà purọ́.

Ibi kan wà tí "òtítọ́" ti wúlò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ní Riyadh, kí Oleksandr Usyk tó bá Tyson Fury jà, wọ́n kéde pé ó tẹ̀wọ̀n pọ́n-ùn 233 àti ààbọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún un ṣe, wọ́n ní 223 àti ààbọ̀ ni. Àṣìṣe nìyẹn. Ẹ fi "òtítọ́" síbẹ̀, kó má kúrò níbẹ̀.

Ní ti "àdánidá", ẹ wo Manny Pacquiao. Ní ọdún 1998, ó gba bẹ́líìtì àgbáyé láàárín àwọn tí òdiwọ̀n wọn jẹ́ pọ́n-ùn 112. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, ó na Antonio Margarito ní Texas, ó sì gba bẹ́líìtì àwọn ti 154. Èwo ni Elédàá dá mọ́ ọn nínú méjèèjì? Ọmọ tó wà ní ọ̀dọ́ ti di àgbà. Ara ń yí padà, orúkọ tó ń sọ pé kò lè yí padà kò bá a mu.

Àbá tèmi rèé. Yorùbá ti ní aṣọ ilé àti aṣọ òde. A kì í sọ pé aṣọ ilé ni òtítọ́, aṣọ òde ni irọ́. Ẹnì kan náà ló ń wọ̀ wọ́n. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká máa sọ ìwọ̀n ilé fún ìwọ̀n tí abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ní nígbà tí kò sí ìjà níwájú rẹ̀, tó ń jẹ tó ń mu. Ìwọ̀n orí òṣùwọ̀n ni èyí tí wọ́n kà níwájú gbogbo ayé. Ìwọ̀n ojú ìjà ni èyí tó gbé wọlé nígbà tí agogo fẹ́ lù. Ní ti Margarito, orí òṣùwọ̀n 150, ojú ìjà 165; Pacquiao kò tó 145 lórí òṣùwọ̀n, ojú ìjà 148. Bí a bá ti sọ ọ́ báyìí, òǹkàwé á fúnra rẹ̀ rí i pé ẹni tó "ṣí lọ sókè" kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà.

Ọ̀rọ̀ "sókè" yìí náà ń fẹ́ àtúnṣe. Àwọn kan ń pe ìpín wọ̀nyí ní "ìpele", àmọ́ ìpele ni a tún ń pe abala ìjà, ìpele sì jọ àtẹ̀gùn, bí ẹni pé àwọn tó fúyẹ́ wà nísàlẹ̀ ni. "Ọ̀wọ́" ni mo fara mọ́: ọ̀wọ́ 160, ọ̀wọ́ 175. Ẹni tó bá kúrò, ó ṣí ọ̀wọ́. Dick Tiger, ọmọ Amaigbo, tó na Gene Fullmer ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, ọ̀wọ́ 160 ló wà nígbà náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1966, ó gba bẹ́líìtì ọ̀wọ́ 175 lọ́wọ́ José Torres. Ọ̀wọ́ ló ṣí. Ara rẹ̀ kò tilẹ̀ tó 170 lórí òṣùwọ̀n. Ìwọ̀n ilé rẹ̀ ló gbé lọ jà.

Ó ku ìwọ̀n tí ẹni méjì bá fẹnu kò sí láàárín ọ̀wọ́ méjì, bíi 150 ti Pacquiao àti Margarito. "Ìwọ̀n àdéhùn" ni mo máa pè é, ayàfi bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó sàn jù.

Ẹ̀gbọ́n, bí ìròyìn Gatti bá wà lọ́wọ́ mi, báyìí ni n óò ṣe kọ ọ́: "Lórí òṣùwọ̀n, 141 ni wọ́n ka fún Gatti, ibùdó Gamache sì ní ọ̀pá kò tíì dúró. Lójú ìjà, ó ti di 160. Gamache, tó ṣí wá láti ọ̀wọ́ 135, wà ní 145."