Àbúrò mi wọṣẹ́ ṣọ́jà ní Amẹ́ríkà, ó ní òkúta làwọn ń ṣà. Ṣé òótọ́ ni?

Ọmọ Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí. Ẹni tó bá mọ̀ nípa iṣẹ́ ológun òkè òkun ni mo ń wá. Àbúrò mi ọkùnrin, àbígbẹ̀yìn wa, fi gíríìn káàdì lọ bá bàbá wa ní Amẹ́ríkà. Kò pé ọdún kan tó débẹ̀ tó fi wọṣẹ́ ṣọ́jà. Ẹ̀ka hẹlikọ́pítà ni wọ́n mú un sí. Ní báyìí ó ti wà ní Gúúsù Kòríà, ní bárékè ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Camp Humphreys. Màmá wa ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ń wa hẹlikọ́pítà. Wọ́n tiẹ̀ ti jó ìdúpẹ́ lé e lórí.

Àmọ́ bí mo bá ti bi í pé kí ló ṣe lónìí, á ní àwọn ṣa òkúta. Òkúta! Ó ní àwọn á tò sórí pápá láàárọ̀, àwọn á dorí kodò, àwọn á máa ṣa òkúta wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá. Lọ́jọ́ mìíràn, á ní àwọn ka sípánà. Aago mẹ́wàá alẹ́ ló sì máa ń pè wá, á ní òun fẹ́ lọ sáré. Ta ní ń sáré ní aago mẹ́wàá alẹ́? Ọkọ mi ní bóyá ó ṣẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ níyà, tàbí kó jẹ́ pé kò sí níbi iṣẹ́ ṣọ́jà kankan. Mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú màmá wa. Ẹ gbà mí.

(Mo ti yọ ìlà kan kúrò níbí. Ẹ wo ìsàlẹ̀.)

Ìyá Ìbejì Ọ̀bà-Ilé:
Ẹ ní kó tan fídíò, kó fi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ hàn yín. Ọmọ ayé ò ṣeé fọkàn tán mọ́.

Ará Yaba, Oǹdó:
Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, kò purọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi tún Black Hawk, hẹlikọ́pítà àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà, ṣe, Camp Humphreys yẹn gan-an ni mo sì ti lo ọdún kan nínú rẹ̀. Oǹdó ni mo wà báyìí, ìsìnkú ìyá bàbá mi ló gbé mi wálé. Iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni mo fi ṣájì fóònù yìí, ẹ jẹ́ kí n tètè kọ ọ́.

Ohun àkọ́kọ́: ẹ yọ ọjọ́ tí ẹ ní wọ́n máa fò yẹn kúrò lójú ẹ̀yin ará. Ìgbà tí wọ́n ń fò àti ibi tí wọ́n ń fò lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n lè tìtorí ẹ̀ pe àbúrò yín sí ọ́fíìsì.

Kòríà fi wákàtí mẹ́jọ ṣáájú wa. Aago mẹ́wàá alẹ́ l'Àkúrẹ́, aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì ni lọ́dọ̀ tirẹ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni a máa ń bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá. Nínú oṣù kìíní, inú imú á gan, irùngbọ̀n ẹni á funfun. Èmi tí mo ti rò pé mo mọ òtútù torí pé mo ti wẹ omi tútù láàárọ̀ ọyẹ́ l'Oǹdó!

Òkúta ńkọ́? Gbogbo wa là ń ṣà á, àtẹni tó dé lánàá àti ọ̀gá. FOD là ń pè é, ìyẹn ohunkóhun tó wà nílẹ̀ tó lè wọ inú ẹ́ńjìnnì lọ bà á jẹ́. A ó tò ní ẹ̀gbẹ́ ara wa, a ó máa rìn jẹ́jẹ́ la gbogbo ibi tí àwọn hẹlikọ́pítà ń gúnlẹ̀ sí kọjá, ojú gbogbo wa á wà nílẹ̀ bí ìgbà tí ìyá àgbà bá da ẹ̀wà sórí àtẹ. Òkúta, ìṣó, ègé wáyà, ìdérí ike omi, gbogbo ẹ̀ la ó kó. Ẹ́ńjìnnì méjì ni Black Hawk ní. Àwọn abẹ̀bẹ̀ irin kéékèèké inú rẹ̀ ń yí ju ìgbà 40,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Wọ́n ṣe ohun tó ń ya eruku sọ́tọ̀ sí ẹnu rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣó kì í ṣe eruku. Atẹ́gùn abẹ̀bẹ̀ ńlá tòkè náà sì wà níbẹ̀, tó lè gbé òkúta sọ lu ojú ẹnìkejì ẹni.

Sípánà tún nìyẹn. Nínú àpótí iṣẹ́ wa, wọ́n ti gé fóòmù ní àwòrán sípánà kọ̀ọ̀kan, ihò tirẹ̀ ni kálukú ń sùn sí. A ó kà wọ́n kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a ó kà wọ́n tó bá parí, a ó fọwọ́ síwèé. Ọjọ́ kan, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí kò ju orí àtàǹpàkò mi lọ dàwátì, èmi sì ni mo fọwọ́ sí ìwé àpótí náà. Wọ́n fi X pupa sínú ìwé hẹlikọ́pítà yẹn. Bí X yẹn bá ti wà níbẹ̀, àní bí olórí orílẹ̀-èdè bá dé, kò ní gbéra. Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ di mọ́kànlá alẹ́, ènìyàn mẹ́sàn-án ló ń wá a. A yọ pátákó ilẹ̀ rẹ̀, a fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo kọ̀rọ̀. Àṣé nígbà tí mo wà lábẹ́ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ló já bọ́ sínú fìlà tí wọ́n rán mọ́ ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì òtútù mi. Mo pọ̀n ọ́n kiri bí ọmọ. Ọmọ Kòríà kan tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ṣọ́jà ló rí i. Wọn ò lù mí o, ṣùgbọ́n odindi oṣù kan ni wọ́n fi ń bi mí pé ọmọ mi ńkọ́.

Àbúrò yín kì í ṣe awakọ̀ o. Ẹ má bínú. Ọmọ onílùú Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń gbà síbi kíkọ́ wíwà á, Alabama sì ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà. Ti mẹkáníìkì Black Hawk, ọ̀sẹ̀ 10 ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ wa ní iṣẹ́ ṣọ́jà, lẹ́yìn náà a lọ sí Fort Eustis ní Virginia fún oṣù mélòó kan láti kọ́ títún un ṣe. Ó lè gba ìwé ọmọ onílùú lẹ́nu iṣẹ́, wọn ò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyẹn ni kí ẹ máa rán an létí, kó má ṣe bíi tèmi tí mo fi falẹ̀.

Bó bá ṣiṣẹ́ dáadáa, á di ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn, létí fèrèsé, tó ń bá a fò. Ẹni tó tún un ṣe ló ń wọ̀ ọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá a fò lálẹ́, ọkàn mi ò sí lára ìràwọ̀ rárá. Nọ́ọ̀tì tí mo dè ní ọ̀sán ni mo ń kà lórí.

Owó ń wọlé ní ọjọ́ 1 àti ọjọ́ 15 oṣù. Kì í sanwó yàrá, ṣùgbọ́n wọ́n ń yọ owó oúnjẹ. Tó bá ní òun ò lówó lọ́wọ́, ẹ gbà á gbọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Mẹkáníìkì Arákalẹ̀:
Bọ̀dá Oǹdó, ẹ ti bá mi wí láìmọ̀. Mo gbàgbé sípánà 13 sórí bátìrì Camry oníbàárà kan rí. Ó gbé e dé Ọ̀wọ̀, ó gbé e padà, mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì, sípánà mi ń wò mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo fi sápò. Ta ló ń yẹ iṣẹ́ yín wò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá parí?

Ará Yaba, Oǹdó:
Ẹlòmíràn tí kò bá mi ṣe é. Bí mo bá de nọ́ọ̀tì tó ṣe pàtàkì, á wá fojú ara ẹ̀ rí i, á tún fọwọ́ sí i kí X pupa tó kúrò. Òróró háídírọ́líìkì rẹ̀ sì pupa bí epo. Ìgbà àkọ́kọ́ tó kùn mí lápá, ẹ̀bà ni mo rántí. Ní Itaewon, ní ìlú Seoul, mo rí gààrí rà níbẹ̀, ìdí tí mo fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ ní gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́:
Mo ti yọ ọ́. Mo pè é lánàá, mo bi í nípa X pupa, ó pariwo: "Ta ló sọ fún yín?" Ẹ̀rín pa wá. Ti màmá ló kù. Mo ní kì í ṣe awakọ̀, òun ló ń tún un ṣe. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n ní ta ló wá ń wà á nígbà náà? Mo ní àwọn òyìnbó ni. Wọ́n ní ṣé àwọn òyìnbó yẹn mọ̀ ọ́n wà dáadáa, torí pé ọmọ àwọn ló jókòó sẹ́yìn.

Ará Yaba, Oǹdó:
Ẹ sọ fún màmá pé wọ́n mọ̀ ọ́n wà. Fóònù mi fẹ́ kú. Ẹ bá mi kí àbúrò, ẹ ní bí sípánà bá sọnù, inú fìlà ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì ni kó kọ́kọ́ wò.