Mo ṣe ìkànnì fún kíláàsì mi, àwọn òbí ò lò ó. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Tíṣà Kíláàsì Karùn-ún:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkàn mi gbọgbẹ́ ni mo fi ń kọ èyí. Láti ọ̀sẹ̀ kejì sáà yìí ni mo ti ṣe ìkànnì fún kíláàsì mi, Primary 5, akẹ́kọ̀ọ́ 42. Òru ni mo fi ṣe é torí ọ̀sán kì í gbà mí láyè. Àwọ̀ yúnífọ́ọ̀mù wa ni mo fi kùn ún, àwòrán ọjọ́ àṣà wà níbẹ̀, ewì ìkíni káàbọ̀ wà lójú ewé àkọ́kọ́, kódà aago tó ń ka ọjọ́ tó kù kí ìdánwò dé wà níbẹ̀. Mo fi línkì ránṣẹ́ sí gbogbo òbí. Títí di òní, àwọn tó lò ó ò ju mẹ́fà lọ! Bí mo bá béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́ ọmọ, á ní "Mọ́mì ò rí i." Ìyá kan tiẹ̀ wá bá mi lẹ́nu géètì, ó ní kí n yéé da òun láàmú, kí n máa kọ iṣẹ́ sínú ìwé ọmọ òun bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá wa náà ò gbè mí lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè ṣe tí wọ́n á fi máa lò ó? Ṣé kí n fi géèmù kún un ni, àbí kí n ra orúkọ .com?

Olùkọ́ Ìṣirò:
Tíṣà, ẹ kú làálàá. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ ohun tí a fi lè ràn yín lọ́wọ́. Kí lẹ fi kọ́ ìkànnì náà? Ṣé ẹ tẹ iṣẹ́ àṣetiléwá ni àbí ẹ ya fọ́tò rẹ̀? Báwo lẹ ṣe ka àwọn mẹ́fà yẹn? Irú fóònù wo ló wà lọ́wọ́ àwọn yòókù? Orúkọ .com kò ní mú ẹnikẹ́ni ṣí i. Ọdọọdún lẹ máa san owó rẹ̀, ọdún tí ẹ bá gbàgbé, línkì tó wà lọ́wọ́ gbogbo òbí ti bàjẹ́ nìyẹn.

Òbí Ọmọ Mẹ́rin:
Ẹ má bínú sí mi o. Ẹni tó ti ọjà dé ní aago méje alẹ́, tí iná ò sí, tí fóònù rẹ̀ ti fẹ́ kú, kì í wá ewì. Ohun mẹ́ta ló ń wá: kí ni iṣẹ́ alẹ́ òní, ojú ìwé wo ló wà, kí ni ọmọ máa mú dání lọ́la. Bí kò bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ṣe ṣí i, ó ti pa á dé. Ẹ fi wọ́n sókè pátápátá, kí ewì lọ sísàlẹ̀.

Tíṣà Kíláàsì Karùn-ún:
Ewì yẹn ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Google Sites ni mo lò, ọ̀fẹ́ ni. Ní ti iṣẹ́ àṣetiléwá, mo máa ń kọ ti ọ̀sẹ̀ kan lápapọ̀ sínú ìwé, màá fi fóònù ya á di PDF, ojú ewé mẹ́jọ, MB 24. Mo sì ṣe fọ́ọ̀mù Google tí wọ́n á fi máa fi fọ́tò iṣẹ́ tí ọmọ ṣe ránṣẹ́. Mẹ́fà tó kún fọ́ọ̀mù yẹn ni mo kà. Àwọn yòókù ní ó ń ní kí àwọn "sign in", kò sì yé wọn.

Afọwọ́-kọ́-ìkànnì:
Ẹ ò rí i pé ìdí ti jáde. Mẹ́fà yẹn kọ́ ló ṣí ìkànnì, mẹ́fà ló rí fọ́ọ̀mù kún. Ìbéèrè tó ní kí èèyàn fi fáìlì ránṣẹ́ nínú fọ́ọ̀mù Google máa ń béèrè àkáǹtì Google dandan. Ọmọ Primary 5 kò sì tíì pé ọdún 13 tí Google gbà kí ọmọ fúnra rẹ̀ ní àkáǹtì, àyàfi bí òbí bá ṣí i fún un lábẹ́ Family Link, ètò Google tí òbí fi ń bójú tó àkáǹtì ọmọ. Nítorí náà:

Ẹ yọ ìbéèrè fáìlì yẹn. Ẹ fi ìbéèrè onídàáhùn kúkúrú tàbí èyí tí wọ́n á mú ìdáhùn nínú rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wọ Settings fọ́ọ̀mù náà, abẹ́ Responses: ẹ pa "Limit to 1 response", ẹ má sì jẹ́ kó gba ímeèlì tí Google ti fọwọ́ sí. Ẹnikẹ́ni á lè kún un láì wọlé. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe, ẹ jẹ́ kí ọmọ gbé ìwé rẹ̀ wá sí kíláàsì.

PDF MB 24 yẹn ńkọ́? Fọ́tò ojú ewé ìwé ló wọ̀n tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ iṣẹ́ náà sórí ojúewé gan-an bí ọ̀rọ̀, ti ọjọ́ kan ní ọjọ́ kan, kí tòní wà lókè. Ìlà márùn-ún ọ̀rọ̀ kò lè jẹ dátà ẹnikẹ́ni. Àwòrán tó bá pọn dandan, bíi onígun mẹ́ta tí ẹ fẹ́ kí wọ́n wọ̀n, ẹ gé etí rẹ̀, ẹ dín in kù sí nǹkan bí KB 200 kí ẹ tó gbé e sókè.

Ìyá Ìbejì:
Kí la tiẹ̀ ń fi ìkànnì ṣe? Ẹ ṣí gúrúùpù WhatsApp, ó parí.

Olùkọ́ Ìṣirò:
Kò parí o. Nínú gúrúùpù, nọ́ńbà gbogbo òbí máa hàn sí ara wọn. Tó bá tún fi di alẹ́, "ẹ kú ọdún" àti fídíò àdúrà á ti bo iṣẹ́ àṣetiléwá mọ́lẹ̀. Broadcast náà, ìyẹn fífi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìṣòro tirẹ̀: ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà Tíṣà pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ kò ní rí i gbà.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ tì í kó jẹ́ admin nìkan ló lè kọ̀wé. Ìyẹn ò le.

Olùkọ́ Ìṣirò:
Bí ẹ tiẹ̀ tì í, nọ́ńbà ṣì ń hàn. Àwọn òbí kan ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ wọn ni.

Òbí Ọmọ Mẹ́rin:
Ẹ lo méjèèjì. Kí iṣẹ́ òní wà nínú ọ̀rọ̀ WhatsApp fúnra rẹ̀, kí línkì wà nísàlẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ wo ti àná tàbí ọjọ́ ìdánwò. Ẹ má fi línkì nìkan ránṣẹ́. Mo tún un sọ o: iṣẹ́ òní kó wà lókè.

Alákòóso:
Ẹ rọra. Tíṣà, ẹ ò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ fóònù. Àti pé kí ló dé tí ọ̀gá yín ò fi gbè yín? Ojúewé mélòó ló wà lórí ìkànnì náà?

Tíṣà Kíláàsì Karùn-ún:
Mọ́kànlá. Ní ti fóònù, àwọn 17 nínú 42 ló ń lo fóònù onítọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé wọ́n á yá ti ẹlòmíràn wò ni. Ti ọ̀gá, ọ̀rọ̀ kékeré kan ló ṣẹlẹ̀. Mo fi èsì ìdánwò àárín sáà síbẹ̀, orúkọ, fọ́tò, máàkì àti ipò, kí orí àwọn ọmọ tó ṣe dáadáa lè wú. Bàbá ẹni tó gbé ipò kejìlélógójì bínú. Ọ̀gá ní kí n yọ ọ́, mo sì ti fi í pamọ́ kúrò nínú mẹ́nù. Ìyẹn ti tán.

Afọwọ́-kọ́-ìkànnì:
Kò tán, Tíṣà. Ẹ dákun, ẹ fi gbogbo ohun yòókù sílẹ̀, ẹ ṣe èyí lálẹ́ òní.

"Hide from navigation" kò yọ ojúewé. Ó kàn yọ orúkọ rẹ̀ nínú mẹ́nù ni. Ẹni tó bá ní línkì rẹ̀ ṣì ń rí i. Ẹ ṣí ìkànnì lórí kọ̀ǹpútà, ẹ pa ojúewé náà rẹ́ nínú Pages, kí ẹ sì tẹ Publish. Bí ẹ bá pa á rẹ́ láì tẹ Publish, ti àtijọ́ náà ló ṣì wà níta.

Tábìlì máàkì yẹn ńkọ́? Bó bá jẹ́ Google Sheets, ẹ wọ Share, ẹ sọ General access di Restricted. Lẹ́yìn náà ẹ wọ File, Share, "Publish to web". Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ rí, ẹ tẹ "Stop publishing". Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, títi èyí kò ti ìyẹn. Ẹ wá ṣí línkì méjèèjì nínú incognito, níbi tí fóònù kò ti mọ̀ yín. Bí ẹ bá ṣì rí orúkọ ọmọ kan ṣoṣo, ẹ padà lọ.

Òbí Ọmọ Mẹ́rin:
Fọ́tò ọmọ pẹ̀lú ipò kejìlélógójì níta gbangba! Ó dùn mí fún ọmọ yẹn. Tíṣà, ẹ lọ bẹ bàbá rẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ṣebí wọ́n ti fọwọ́ sí fọ́tò nínú fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé?

Alákòóso:
Fífọwọ́ sí fọ́tò nínú fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé kì í ṣe àṣẹ láti gbé máàkì ọmọ síta. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ní kí a gba àṣẹ òbí lórí ìsọfúnni ọmọdé. Ẹ tẹ ìwé pélébé kan fún òbí kọ̀ọ̀kan: mo gbà / mi ò gbà kí fọ́tò ọmọ mi wà lórí ìkànnì. Ẹni tí kò bá dá a padà, ẹ kà á sí "mi ò gbà". Títí dìgbà náà, ẹ ya iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ, ẹ má ya ojú wọn. Nínú Publish settings, ẹ fi àmì síbi tó ní kí ẹ̀rọ ìwádìí má gbé ìkànnì náà jáde. Kí ojúewé mọ́kànlá di mẹ́ta: iṣẹ́ àṣetiléwá, ọjọ́ pàtàkì, bí a ṣe ń kàn sí olùkọ́.

Tíṣà Kíláàsì Karùn-ún:
Mi ò mọ̀ pé ó ṣì wà níta. Mo ti pa á rẹ́, mo ti tẹ Publish. "Publish to web" náà ti wà ní títẹ̀ látọjọ́ yìí, mo ti dá a dúró. Incognito ò fi nǹkan kan hàn mọ́. Lọ́la màá lọ bá bàbá náà nílé. Ewì ti lọ sísàlẹ̀. Ó wá ku àwọn 17 yẹn.

Olùkọ́ Ìṣirò:
SMS ni fún wọn. Ojú ìwé SMS kan gba lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo tó ní àmì nísàlẹ̀, ó já sí 70, owó sì di ìlọ́po. Nítorí náà ẹ má fi àmì sí i. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

PRY5 Ojobo: Isiro oju iwe 48, 1-10. Yoruba: ka oju iwe 21. E fi ruler ranse lola.

Lẹ́tà 81 péré nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ WhatsApp àti òkè ìkànnì, kí ẹ má bàa máa kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kó máa jáde lójoojúmọ́, kí òbí mọ ìgbà tó yẹ kó wò ó.

Òbí Ọmọ Mẹ́rin:
Ìyá tó wá bá yín lẹ́nu géètì yẹn, ṣé ó wà lára àwọn 17?

Tíṣà Kíláàsì Karùn-ún:
Ó wà lára wọn. Òun ni màá kọ́kọ́ fi ti ọ̀la ránṣẹ́ sí.