Ìdáhùn: Ṣé àrùn yìí ló ń gbilẹ̀ ni, àbí àwọn tí wọ́n ń rí ló ń pọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá dábàá pé ká máa pe acoustic neuroma, ìyẹn kókó tó ń yọ lára iṣan tó so etí mọ́ ọpọlọ, ní "jẹjẹrẹ etí". Wọ́n tún túmọ̀ ìlà kan nípa bó ṣe wọ́pọ̀ tó báyìí: "Àrùn yìí ń gbilẹ̀ ní Denmark." Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn, ìlà kejì yẹn ló sì ká mi lára jù.

Ti orúkọ kò le. Jẹjẹrẹ ń jẹ ara, ó sì ń tàn kiri inú ara. Kókó yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá tilẹ̀ ń dàgbà, mìlímítà kan sí méjì ló sábà máa ń fi kún ara rẹ̀ lọ́dún, òmíràn á sì wà lójú kan fún ọdún gbọọrọ. Ẹni tó ní in lè má mọ̀ ju pé etí kan ń hó, tàbí pé òun ti ń gbé fóònù kúrò ní etí òsì sí ọ̀tún kóun tó gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa. Tí a bá pe ìyẹn ní jẹjẹrẹ, ẹ̀rù á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. "Kókó iṣan etí" tẹ́ mi lọ́rùn. Lóòótọ́, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà náà là ń pè ní iṣan, àmọ́ "etí" tó tẹ̀ lé e ti là á. Àwọn olóyìnbó gan-an ò tíì fohùn ṣọ̀kan: ní 1991, ìpàdé àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n máa pè é ní vestibular schwannoma, torí iṣan tó ń jẹ́ kéèyàn dúró láì ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ló ti ń yọ, kì í ṣe ti ìgbọ́ràn. Orúkọ àtijọ́ ò kúrò lẹ́nu wọn títí dòní.

Ó wá kan "gbilẹ̀". Láti 1976 ni wọ́n ti ń ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Denmark. Lọ́dún yẹn, nǹkan bíi 3 ni wọ́n rí nínú mílíọ̀nù kan èèyàn. Nígbà tó fi di 2004, ó ti lé ní 22; ní 2008 ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 19. Ẹni tó bá ka 3 àti 22 á ní àrùn ti gba ìlú. Àmọ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìtóbi kókó tí wọ́n ń rí ń dín kù, ọjọ́ orí àwọn tí wọ́n ń rí i lára wọn sì ń ga sí i. Ẹ̀rọ MRI, tó ń ya àwòrán inú ara, ló dé. Kókó tí ì bá bá àgbàlagbà wọ sàréè láìsí ẹni tó mọ̀, ẹ̀rọ ti ń yà á ní fọ́tò.

Ìdí nìyí tí "ìwọ́pọ̀" nìkan ò fi tó wa. Àwọn tó wọ ọjà láàárọ̀ yìí kọ́ ni gbogbo ẹni tó wà lọ́jà. Àbá mi ni "àṣẹ̀ṣẹ̀rí" fún iye tuntun tí wọ́n rí láàárín ọdún kan, àti "àwàlára" fún iye àwọn tó ní in lára, wọn ì báà mọ̀, wọn ì báà má mọ̀. Ẹnì kan á ní kí ló dé tí kì í ṣe "àṣẹ̀ṣẹ̀yọ". Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí kókó yọ. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n kà.

Ẹ fi dán àwọn ìwé ìṣègùn wò. Ọ̀kan á ní ẹnì kan nínú 100,000 lọ́dún. Òmíràn á ní nínú àwọn tó ya àwòrán orí nítorí nǹkan mìíràn, wọ́n ń bá a lára nǹkan bíi 2 nínú 10,000. Ìṣirò tó tún dé láìpẹ́ ní ó lè kan ju ẹnì kan lọ nínú 500 kí wọ́n tó kú. Tí a bá fi "bó ṣe wọ́pọ̀ tó nìyí" túmọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òǹkàwé á ní irọ́ ni méjì nínú wọn. Àṣẹ̀ṣẹ̀rí ni àkọ́kọ́, àwàlára ni èkejì. Ẹ̀kẹta ò tíì ní orúkọ. Mo fi í sílẹ̀ fún yín.

Ó kàn wá nílé náà. Ibi tí ẹ̀rọ MRI ò bá ti pọ̀, àṣẹ̀ṣẹ̀rí á kéré. Akọ̀ròyìn tó bá torí ìyẹn kọ ọ́ pé kókó yìí kì í ṣe àwa aláwọ̀ dúdú ti sọ àṣẹ̀ṣẹ̀rí di àwàlára.

Torí náà, ẹ̀gbọ́n, bí mo ṣe máa kọ ìlà yín rèé: "Kókó iṣan etí tí wọ́n ń ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lọ́dún ní Denmark ti pọ̀ ju ti 1976 lọ." Ó gùn ju tiyín lọ, mo mọ̀. Ti àjogúnbá tó sábà ń mú etí méjèèjì, ìyẹn NF2, ẹ jẹ́ ká fi í sí lẹ́tà mìíràn. Orúkọ rẹ̀ nìkan á gbà wá ní ọ̀sẹ̀ kan.