Ṣé èèyàn lè fi táyà gba ojú títì ni?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Sùúrùlérè là ń gbé, ilé wa ò ní àyè mọ́tò nínú, ojú títì ni gbogbo wa ń páàkì sí. Bàbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wá ń to táyà àti búlọ́ọ̀kù síwájú géètì wọn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n ní àyè àwọn ni, bẹ́ẹ̀ wọn ò tiẹ̀ ní mọ́tò o! Mo rọra bá wọn sọ ọ́, wọ́n ní ṣé èmi tẹ́náǹtì ló máa kọ́ àwọn lófin. Nígbà tó yá mo jí, wọ́n ti yọ atẹ́gùn táyà mi (mi ò lè sọ pé bàbá ni ṣá). Ṣé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, ni kí n lọ, tí alága ibẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn, àbí LASPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ páàkì mọ́tò, àbí Citizens Mediation Centre tí ìjọba Èkó ń fi parí ìjà lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí, ṣé àgbàlagbà máa ń jẹ́pè wọn? Mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá o, torí lánlọ́ọ̀dù mi.