Ẹ̀yin tí ojú yín ti rí màbo lọ́wọ́ fstab, ẹ wá sọ tiyín

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀. Díìsìkì kejì ni mo ki bọ inú kọ̀ǹpútà mi, mo sì fẹ́ kí Linux máa so ó mọ́ fódà /data fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá tan ẹ̀rọ. Mo ṣí /etc/fstab, fáìlì tó ń sọ díìsìkì tí Linux yóò so àti fódà tí yóò so ó mọ́, mo fi ìlà kan kún un:

/dev/sdb1 /data ext4 defaults 0 2

Ó ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń yangàn, àfi ọjọ́ tí mo fi díìsìkì kẹta kún un. Mo tan ẹ̀rọ, kò dé ibi tí èèyàn ti ń kọ orúkọ wọlé. Ó ní òun ń dúró de dev-sdb1, ó wá ń ka ìṣẹ́jú àáyá lójú mi: 10s, 11s, 12s, títí dé ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ dúdú kirimu: "You are in emergency mode". Àyà mi já. Mo rò pé díìsìkì ti kú ni.

Kò kú o. Orúkọ ló pààrọ̀. sda, sdb, sdc yẹn, bí kernel (ọkàn Linux) bá ṣe rí díìsìkì ló ń pín in fún wọn. Kò bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú pé ti àná ni ti òní. Díìsìkì tuntun, tí mi ò tíì pín sí apá kankan, ló gba sdb, tèmi àtijọ́ di sdc. sdb1 tí fstab ń wá ò sí mọ́.

Mo tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà root, ìyẹn ọ̀gá ẹ̀rọ, mo ṣí fáìlì náà, kò gbà kí n kọ nǹkan kan torí pé kíkà nìkan ni wọ́n so / (fódà ìpìlẹ̀ tí gbogbo yòókù wà nínú ẹ̀) fún. mount -o remount,rw / ló tú u sílẹ̀. Mo wá fi blkid wo UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) díìsìkì náà, òun ni mo fi rọ́pò /dev/sdb1. Inú filesystem (ètò tí wọ́n fi to fáìlì sórí díìsìkì) fúnra rẹ̀ ni UUID wà, ibi yòówù kí o ti okùn rẹ̀ bọ̀, kì í yí padà, àfi tí o bá tún un fọ́máàtì tàbí tí o bá fọwọ́ ara rẹ yí i. Mo fi nofail àti x-systemd.device-timeout=10s (kó má dúró dè é ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ) kún defaults. Ẹ má fi nofail ṣeré: díìsìkì ìbáà wà, ìbáà má sí, ẹ̀rọ á tàn. Látìgbà náà, tí mo bá ti fọwọ́ kan fstab, mi ò jẹ́ pa ẹ̀rọ láìkọ́kọ́ ṣe mount -a, tó ń so gbogbo ohun tó wà nínú fstab. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe ló máa kígbe nígbà tí ọwọ́ mi ṣì tó o.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú orí ire, ṣùgbọ́n nofail tí ẹ ń kì yìí gan-an ló bá mi ṣe é.

Díìsìkì ìta ni mo so mọ́ /backup, cron, tó ń ṣe iṣẹ́ lásìkò tí a bá dá fún un, a sì máa gbé rsync dìde ní aago 2 òru láti da iṣẹ́ mi kọ sí i. Okùn díìsìkì náà dẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mo tún ẹ̀rọ tàn. Torí nofail, ẹ̀rọ tàn, kò sọ nǹkan kan. rsync jí lóru, ó bá fódà /backup lófìfo lórí díìsìkì tí / wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á síbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, df -h ti ń sọ pé / kún, 100%, dátábéèsì ò lè kọ ohunkóhun mọ́.

Ibi tó ti dà mí lórí rú nìyí: mo ti okùn padà, mo ṣe mount /backup, gbogbo rẹ̀ wá rí bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n / ṣì kún. Mo fi du -xh wá gbogbo fódà, iye tó kà kò tó ìdajì ohun tí df ń sọ. Ọ̀sán gangan ni mo tó rántí pé ohun tí èèyàn bá mount lé fódà lórí, ṣe ló ń bo ohun tó wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ẹní tí wọ́n tẹ́ lé ìdọ̀tí. Kò pa á rẹ́, o kàn ò ní rí i ni. Mo ṣe umount, mo tú díìsìkì náà kúrò lórí fódà, àwọn fáìlì náà bá yọ. Díẹ̀ ló sì kù kí n ti ṣe rm -rf /backup/* ṣáájú ìyẹn. Backup gidi ni ǹ bá fọwọ́ ara mi pa.

Ní báyìí, ìlà àkọ́kọ́ nínú script mi ni mountpoint -q /backup || exit 1: tí kò bá sí díìsìkì tó so mọ́ /backup, kó dáwọ́ dúró. Mo sì ṣe chattr +i, tó ń ti fódà pa, sí fódà náà nígbà tó ṣófo tí nǹkan kan ò sí lórí rẹ̀. Root gan-an ò lè da nǹkan síbẹ̀ mọ́.

* * *

Tèmi ò le tó tiyín. Àlàfo lásán ló dá mi lóró. Mo pe fódà ní "Iṣẹ́ Mi", mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú fstab. Àlàfo ni fstab fi ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí, ló bá ka "Mi" sí irú filesystem! findmnt --verify, tó ń yẹ fstab wò, ló tú àṣírí ẹ̀. \040 ni kí ẹ máa fi rọ́pò àlàfo.

* * *

Àbúrò oní-rsync, ọ̀rọ̀ rẹ ò jẹ́ kí n jókòó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe umount /data, mo ṣe ls. Fáìlì tó tó 41 GB ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ọjọ́ kan wà, àbí ọjọ́ mélòó, tí díìsìkì yẹn ò so rárá, tí èmi sì ń bá iṣẹ́ mi lọ.